Ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Kánádà tí ó wọ táyà ìgbà òtútù: ṣé ó ṣeé fi rìn ní Òṣogbo?

Ọmọ Òkè-Fìà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ọkọ̀. Mo ra Toyota Corolla ọdún 2010 kan, tòkunbọ̀ tí ó ti Kánádà wá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ara rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó gbé mi wá síbí. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó bá a dé wà lórí ríìmù irin dúdú tí kò ní ìdérí kankan. Ohun tí mo kà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà ni 195/65R15 91T, lẹ́yìn náà M+S, àti àwòrán òkè kékeré kan tí ó ní ṣóńṣó mẹ́ta, tí nǹkan bí ìràwọ̀ sì wà ní àárín rẹ̀. Eyín táyà náà jìn gan-an, ó sì kún fún àwọn ilà tín-ín-rín bí ẹni pé wọ́n fi abẹ là á.

Fọ́kanáísà tí mo máa ń lọ bá nítòsí Ọláìyá sọ pé irú táyà báyìí ṣọ̀wọ́n, pé ó ṣì lágbára, kí n má fọwọ́ kàn án fún ọdún méjì. Mẹkáníìkì mi ní tirẹ̀ ní kí n yọ gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lójoojúmọ́ ni mo ń ti Òkè-Fìà lọ sí ọ́fíìsì ní Abẹ́rẹ́, ìyẹn kò jìnnà. Ṣùgbọ́n mo tún máa ń gba Gbọ̀ngán lọ sí Ìbàdàn ní òpin ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti ń kíyè sí i pé bí oòrùn bá ti mú, tí mo sì sáré díẹ̀, ìdí ọkọ̀ a máa jó lọ jó bọ̀ nígbà tí mo bá yà fún kòtò, ariwo táyà náà a sì bo rédíò mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá táyà òtútù ni lóòótọ́, àti bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ewu wo ni ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń gbé Òṣogbo. Èkejì ni pé ẹnì kan tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ fi ríìmù álọ́ì mẹ́rin, oní-íǹṣì 16, lọ̀ mí. Ó ní yóò wọ Corolla dáadáa. Ṣé kí n rà á, àbí kí n máa lo ríìmù irin tí ó bá ọkọ̀ dé?


Awakọ̀ Ọ̀nà Ìkìrun dáhùn:

Ẹ kú ọkọ̀ tuntun o, ẹ ó lò ó pẹ́. Ní tèmi o, táyà ni táyà. Èyí tí eyín rẹ̀ jìn ni ó ń gba ènìyàn nínú ẹrẹ̀ àti lójú ọ̀nà tí omi ti bò, ẹ sì mọ̀ pé bí òjò oṣù Kẹjọ bá dé, kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi ń dí ní Òṣogbo. Owó táyà tuntun mẹ́rin lónìí kò kéré. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ tán kí ẹ tó rà òmíràn.


Ará Òròkí ní Montréal dáhùn:

Ọmọ Òkè-Fìà, táyà ìgbà òtútù gan-an ni. Ohun tí ẹ pè ní ìràwọ̀ láàárín òkè yẹn, yìnyín ni wọ́n yà, àwòrán yẹn sì ni ẹ̀rí. Kì í ṣe M+S ni kí ẹ máa wò. Ẹrẹ̀ àti òjò dídì ni lẹ́tà méjèèjì dúró fún, olùṣe táyà a sì máa kọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìsí pé ó yege ìdánwò kan, ìdí nìyẹn tí ó fi wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ táyà tí wọ́n ń lò yípo ọdún ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá rí M+S lára táyà rẹ̀ ní Òṣogbo tí kò sì rí òkè, kí ó fọkàn balẹ̀. Àwòrán òkè yẹn ni wọn kì í fi sí táyà lára àyàfi bí wọ́n bá ti dán an wò lórí yìnyín tí ó sì yege.

Níbi tí mo ń gbé, òfin Québec sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí kò gbọdọ̀ rìn láìwọ táyà yìí. Jámánì kò dá ọjọ́ ní tiwọn. Bí yìnyín bá ti wà lójú ọ̀nà, òfin ti mú ẹni tí kò wọ̀ ọ́. Àwọn ará Finland ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Nokian lónìí ṣe ti ọkọ̀ akẹ́rù ní 1934, ó sì ṣe ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní 1936.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé rọ́bà táyà lásán a máa le bí òtútù bá mú, táyà tí ó bá sì le kò lè di ilẹ̀ mú. Wọ́n wá po rọ́bà táyà òtútù lọ́nà tí yóò fi máa rọ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ bá wà nísàlẹ̀ 7°C. Ojú ọjọ́ Òṣogbo kì í sún mọ́ 7 rárá, kódà ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí gbogbo ilé ń yáná. Ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, ọ̀sán a máa tó 34 tàbí 35, ọ̀dà ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ a sì máa gbóná kọjá 50. Rọ́bà tí a pò fún òtútù, tí a wá gbé sórí irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, yóò dà bí ẹ̀kọ tí a tú ewé rẹ̀ kí ó tó dì.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ lọ sídìí ọkọ̀ náà ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á dé, kí ẹ fi èékánná tẹ eyín táyà kan láti ẹ̀gbẹ́. Èékánná yóò wọlé, àwọn ilà abẹ tí ẹ sọ yẹn yóò sì là bí ojú ìwé. Lórí òjò dídì, àwọn ilà wọ̀nyẹn ni wọ́n ń bu yìnyín jẹ tí ọkọ̀ kò fi ń yọ̀. Lórí ọ̀dà gbígbóná, àwọn kan náà ni wọ́n ń jẹ́ kí eyín táyà máa tẹ̀ síwá sẹ́yìn nígbàkígbà tí ẹ bá yí sítíárì tàbí tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ijó tí ẹ ń rí ní ọ̀nà Ìbàdàn kò ju ìyẹn lọ. Ọkọ̀ á gba ilẹ̀ gígùn kí ó tó dúró, táyà á sì máa jẹ kíákíá. Nítorí náà, ẹ̀yin Awakọ̀ Ọ̀nà Ìkìrun, ó kàn máa jẹ tán ṣáájú àkókò tí ẹ rò ni, kì í ṣe pé yóò fi owó pa mọ́ fún un. Ti omi tí ẹ sọ, òótọ́ ni pé eyín jíjìn a máa fọ́n omi dànù, ṣùgbọ́n táyà lásán tí eyín rẹ̀ pé náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní gbọ̀n lẹ́yìn tí òjò bá dá.

Ríìmù dúdú yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí ni ó ní ẹsẹ̀ ọkọ̀ oríṣi méjì: álọ́ì fún ìgbà ooru, irin fún ìgbà òtútù, nítorí pé iyọ̀ ni ìjọba ń dà sójú ọ̀nà láti fi yọ́ yìnyín, iyọ̀ a sì máa jẹ álọ́ì ní ìjẹkújẹ. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ọkọ̀ tí yóò re òkè òkun, ẹsẹ̀ tí kò wù wọ́n mọ́ ni wọ́n ń fi sí i. Álọ́ì ti di títà lọ́tọ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí íǹṣì 15 àti 16 dà yín láàmú. 195/65R15 àti 205/55R16 ni ilé-iṣẹ́ gbà fún Corolla yẹn: nọ́ńbà kìíní ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, èkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ẹ̀kẹta ni íǹṣì ríìmù. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, gíga táyà kìíní láti ilẹ̀ dé òkè jẹ́ mìlímítà 634, ti èkejì jẹ́ 632, nítorí náà mítà ìwọ̀n eré kò ní purọ́ fún yín bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Ìyàtọ̀ tí ẹ ó mọ̀ lára ni pé ti 15 ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ga, ó sì ń gba kòtò mọ́ra. Fún ọ̀nà ilé wa, èmi á mú 15.


Oníṣẹ́ Ríìmù, Alékúwodò dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Montréal ti tú ọ̀rọ̀ táyà palẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ríìmù wọlé, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí owó tí ń ṣòfò jù.

Corolla 2010 tí wọ́n ṣe fún Kánádà àti Amẹ́ríkà ní nọ́ọ̀tì márùn-ún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tò wọ́n sórí òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100, àfi èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.4. Ihò àárín, níbi tí orí họ́ọ̀bù ń gbà yọ, jẹ́ 54.1. Camry àti Honda Accord òde òní náà ní nọ́ọ̀tì márùn-ún, ṣùgbọ́n 114.3 ni fífẹ̀ tiwọn. Bí ẹ bá gbé ríìmù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú lásán kò lè tètè mọ ìyàtọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ń tà á fi máa ń fi gbogbo ẹnu sọ pé yóò wọ̀ ọ́. Ìgbà tí ẹ bá dé ilé ni ẹ ó rí i pé nọ́ọ̀tì kan wọlé, èkejì ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn kan á wá fi fáìlì gbẹ́ ihò náà fẹ̀ tàbí kí wọ́n fi nọ́ọ̀tì fà á mọ́ra tipátipá. Irú ríìmù bẹ́ẹ̀ kò jókòó sí àárín mọ́, gbogbo ìwúwo ọkọ̀ ti bọ́ sórí àwọn bọ́ọ̀tì tí wọ́n ti tẹ̀, bí wọ́n bá sì já lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa sáré lọ níwájú ẹni tí ó ni ín.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ dojú ríìmù náà bolẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń tẹ nọ́ńbà sí lára irin, bíi 16x6½J, pẹ̀lú lẹ́tà ET àti nọ́ńbà kan tí ń sọ bí ríìmù náà yóò ṣe wọnú tó tàbí bí yóò ṣe yọ síta tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń tẹ 100 tàbí 114.3 náà síbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ gbé ríìmù yín kan lọ, kí ẹ fi ẹnu ihò kan ẹnu ihò. Bí ihò nọ́ọ̀tì bá bára mu ṣùgbọ́n tí ihò àárín fẹ̀ ju ti ọkọ̀ yín lọ, ó nílò òrùka tí a ń fi dí àlàfo náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sítíárì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹ bá ti ń sún mọ́ 90, ẹ ó sì máa pààrọ̀ ẹ̀yà abẹ́ ọkọ̀ tí kò ṣe yín ní nǹkan kan.

Ohun kan wà tí mo rí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í kà sí. Nọ́ọ̀tì tí ó wà lórí ríìmù irin yín ní ẹnu ṣóńṣó, tí ó ń wọ inú ihò tí ó rí bí agbada kékeré. Álọ́ì tí Toyota fúnra wọn ṣe ń lo nọ́ọ̀tì mìíràn, tí ó ní ọrùn gbọọrọ àti wáṣà pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀tì ẹlẹ́nu ṣóńṣó de álọ́ì tí ó fẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ̀bá rẹ̀ nìkan ni yóò fi kan irin, yóò le lọ́wọ́ yín lónìí, yóò sì tú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Álọ́ì ọjà lásán, tí kì í ṣe ti Toyota, sábà máa ń fẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ra ríìmù, kí ó béèrè nọ́ọ̀tì rẹ̀ pọ̀.

Ní tèmi, ẹ fi owó álọ́ì yẹn kún owó táyà, kí ẹ máa lo ríìmù irin yín. Bí ó bá tẹ̀ nínú kòtò, a lè lù ú padà. Álọ́ì a máa sán. Kìkì pé ó ti Kánádà wá, iyọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ yẹn á ti jẹ ẹnu rẹ̀. Bí a bá ti bọ́ táyà àtijọ́ kúrò, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tí ó wà níbi tí ètè táyà ń jókòó sí títí irin yóò fi dán, kí wọ́n kùn ún díẹ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ fáàfù tí a ti ń fún un ní afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe èyí ni yóò máa gééjì táyà tuntun ní àràárọ̀, tí yóò sì máa sọ pé táyà náà kò dára.


Awakọ̀ Ọ̀nà Ìkìrun dáhùn:

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀kọ́ sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní owó táyà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ méjì ni apá rẹ̀ ká, kí ni kí ó ṣe? Ṣé kí ó gbé ọkọ̀ kalẹ̀ ni?


Ará Òròkí ní Montréal dáhùn:

Ìbéèrè tí ó dára ni. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí iwájú wọ ọ̀kan, kí ẹ̀yìn wọ èkejì, nítorí pé agbára tí wọ́n fi ń di ilẹ̀ mú kò dọ́gba: bí iwájú bá di ọ̀nà mú tí ẹ̀yìn sì rọ̀, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ gba iwájú mọ́ orí ọkọ̀ lọ́wọ́ bí ẹ bá yà kíákíá. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ̀yìn ni kí ẹ fi méjì tuntun sí. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé iwájú ni, nítorí pé iwájú ni ẹ́ńjìnnì Corolla ń fà, ṣùgbọ́n bí iwájú bá yọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ sítíárì, ẹ ó sì lè dẹwọ́. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ọkọ̀ ti yípo kí ọwọ́ tó mọ ohun tí yóò ṣe. Ní gbogbo àkókò tí méjì àtijọ́ bá ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí ó máa rìn láàárín ìgboro nìkan, kí ó jìnnà sí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀nà Ìbàdàn sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì. Owó bọ́ọ̀sì oṣù kan kò tó owó tí pánẹ́ẹ̀lì bítà yóò gbà láti tún ara ọkọ̀ ṣe.


Olùkọ́ Awakọ̀ Àgbà, Òkè-Báálẹ̀ dáhùn:

Ọmọ Òkè-Fìà, àbúrò mi, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì bi ọ́ ní ọjọ́ orí táyà náà. Wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí o bá rí 3819, ọ̀sẹ̀ 38 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ̀gbẹ́ kan táyà nìkan ni wọ́n máa ń kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà sí nígbà mìíràn, nítorí náà bí o kò bá rí i níta, ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ kí o wo inú. Ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é ni àwọn SON (àjọ tí ń mójú tó ìwọ̀n dídára ọjà) àti FRSC (àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) ń kà fún táyà ní ilẹ̀ yìí nítorí ooru wa, ì báà ṣe èyí tí kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀ rí. Eyín jíjìn kò ní kí táyà má darúgbó.

Bí o bá dé ọjà, má ra tòkunbọ̀ rọ́pò tòkunbọ̀. Àlòkù táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi òfin dè pé kò gbọdọ̀ wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń rí i ní ìdúró ìdúró lẹ́bàá títì. Tuntun náà sì ní àyẹ̀wò tirẹ̀: èyí tí wọ́n gbé kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa láti ọjọ́ yìí wá, má mú un, ní kí wọ́n mú èyí tí ó wà nínú ilé jáde, kí o sì ka DOT rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ.

Lórí tìrẹ, 91 tí ó wà níbẹ̀ ni ẹrù tí táyà kan lè gbé, ìyẹn kìlógíráàmù 615; T ni eré tí kò gbọdọ̀ kọjá, kìlómítà 190 ní wákàtí kan. Ra 91 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, má ra èyí tí ó kéré sí i nítorí pé ó dínwó. H ni yóò wọ́pọ̀ lọ́jà, 210 ni òun, ìyẹn dára. Kì í ṣe pé mo ní kí o sá 210 o. Táyà tí wọ́n ṣe fún eré púpọ̀ a máa fara da ooru ju èyí tí wọ́n ṣe fún eré díẹ̀ lọ ni.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, wo ara òpó rẹ̀, bébà kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tí ó sọ iye tí iwájú àti ẹ̀yìn ń fẹ́. Òun ni kí o tẹ̀ lé, má tẹ̀ lé nọ́ńbà tí ó tóbi jù tí wọ́n kọ sára táyà, nítorí pé ìyẹn ni òpin tí táyà lè gbà, kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ rẹ ń fẹ́. Òwúrọ̀ kí o tó gbéra ni kí o wọ̀n ọ́n. Àwọn fọ́kanáísà wa a máa fún gbogbo ọkọ̀ ní iye kan náà láìwo ojú ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní kí ó lè gbé ẹrù. Bí afẹ́fẹ́ bá sì kéré jù, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá yí, yóò gbóná láti inú wá, ìyẹn ni ó sì ń fa èyí tí ń bẹ́ lójijì lọ́nà jíjìn.


Ọmọ Òkè-Fìà dáhùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́. Mo ti lọ yẹ gbogbo ohun tí ẹ sọ wò. Táyà iwájú méjèèjì jẹ́ 3819, ti ẹ̀yìn jẹ́ 2316, ìyẹn ni pé kì í tilẹ̀ ṣe ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn. Mo fi èékánná tẹ eyín rẹ̀ ní ọ̀sán, ó wọlé bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ. Mo tún rí ọfà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Táyà iwájú ọwọ́ òsì àti ti ẹ̀yìn ọwọ́ òsì kọ ọfà síwájú, ti ọwọ́ ọ̀tún méjèèjì kọ ọ́ sẹ́yìn. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí?

Mo padà lọ wo álọ́ì náà. Nígbà tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀ tí a nu eruku kúrò, 114.3 ni ó wà níbẹ̀ gbàgàdà. Onítọ̀hún ní kí n fi sílẹ̀, pé òun mọ ẹni tí yóò bá mi tún ihò rẹ̀ ṣe. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bá tèmi lọ. Táyà tuntun 195/65R15 91H mẹ́rin ni mo fẹ́ rà sórí ríìmù irin yìí.


Oníṣẹ́ Ríìmù, Alékúwodò dáhùn:

Ọfà yẹn ni ọ̀nà tí táyà gbọdọ̀ gbà yí bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú. Ẹni tí ó gbé ti ọwọ́ ọ̀tún sí i kò wò ó, ó gbé e sódì, bí ó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, eyín tí ó yẹ kí ó máa fọ́n omi síta á máa kó o sábẹ́ táyà. Ẹ rí i pé àǹfààní òjò tí arákùnrin wa ń sọ níbẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lápá kan ọkọ̀ náà. Bí tuntun tí ẹ ó rà bá ní ọfà, ẹ dúró tì wọ́n. Bí kò bá ní, ẹ ó rí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ OUTSIDE sí nígbà mìíràn, ìta ni kí ìyẹn kọjú sí.

Bí wọ́n bá ń dè é, kí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì nígbà tí wọ́n bá ń fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé, kí wọ́n má fi ìbọn afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n máa fo ọ̀kan dé ọ̀kan bí ẹni ya ìràwọ̀, kì í ṣe kí wọ́n máa tò ó yípo, kí ríìmù lè jókòó déédéé. Ìwọ̀n agbára tí a fi ń de nọ́ọ̀tì Corolla jẹ́ 103 Nm (Newton-mítà), sípánà tí ń ka ìwọ̀n sì wà lọ́wọ́ àwọn kan ní Òṣogbo báyìí. Ẹni tí kò bá ní i, kí ó fi agbára ọwọ́ nìkan dè é pẹ̀lú sípánà ọkọ̀, kí ó má gun orí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn tó 80 sí 100 kìlómítà, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bálánsì jẹ́ dandan, aláínìmẹ́ǹtì náà jẹ́ dandan fún ọkọ̀ tí ẹ kò mọ kòtò tí ó ti bọ́ sí rí.


Awakọ̀ Ọ̀nà Ìkìrun dáhùn:

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí ti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ẹ bá bọ́ àtijọ́ náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má tà á fún onítakisí kan ní gáréèjì o, òun náà ní ọmọ nílé. Àwọn apẹran á fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín láti fi sun awọ pọ̀nmọ́, ẹ má fún wọn, èéfín rẹ̀ májèlé ni. Bí ẹ bá ní àyè lẹ́yìnkùlé, ẹ dà á dùbúlẹ̀, ẹ lu ihò sí i lábẹ́ kí omi má dúró tí ẹ̀fọn á fi yé sí i, ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ kún un, kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí i.